Ọjọ́ Tí Ìsípẹ́kítọ̀ Ka Lèkè Wa

Ẹni tí kò bá mọ kíláàsì Madame Pélagie, kó má dá mi dúró lẹ́nu ọ̀rọ̀. Kíláàsì yẹn kún tó bẹ́ẹ̀ tí eṣinṣin fi ń tò sẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kan á jáde kí ọ̀kan tó wọlé. Ọmọ kan sín níwájú lọ́jọ́ kan, ọmọ mẹ́rin ló ṣubú lẹ́yìn. Èmi Pascal ni mo gbé wọn dìde.

Èmi ni mo ń ṣọ́ géètì ilé-ìwé ìjọba kan lórí òkè ní Attécoubé, ní Abidjan. Òkè náà ga débi pé tí ewúrẹ́ bá yọ̀ lókè, inú ọ̀sà ló ti máa rántí ké. Bàbá bàbá mi, tí wọ́n gbé wá láti Dahomey láyé òyìnbó, olùkọ́ ni ní Bingerville. Ó ń wọ táì, ó ń sọ Faransé tí àwọn Faransé fúnra wọn ń lọ wo inú ìwé kí wọ́n tó dá a lóhùn. Bàbá mi ṣe akọ̀wé. Èmi ní tèmi kúrò ní ilé-ìwé ní CM1, ìyẹn kíláàsì karùn-ún. Èmi àti CM1 jọ gbà pé ó tó gẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa, ìdílé wa ò tíì kúrò nílé-ìwé. Bàbá àgbà ń kọ́ni, èmi ń ṣí géètì. Ta wá ni wọ́n kọ́kọ́ ń kí láàárọ̀?

Ó di ọjọ́ Ajé kan, lẹ́tà dé láti ọ́fíìsì tó ń bójú tó ilé-ìwé. Ọ̀gá wa, tí gbogbo wa ń pè ní Directeur, kà á lẹ́ẹ̀kan, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún kà á. Kọ̀ǹpútà ti sọ pé kíláàsì CE1, ìyẹn kíláàsì kẹta, tí Madame Pélagie ń kọ́ ní ọmọ mẹ́tàdínlógún péré. Kíláàsì tí kò bá sì tó ogójì, wọn á tì í. Wọ́n á tú àwọn ọmọ ká sí ilé-ìwé mìíràn, wọ́n á gbé Madame lọ sí Odienné, lókè réré lọ́hùn-ún, níbi tí olùkọ́ ti ṣọ̀wọ́n. Ìsípẹ́kítọ̀ ń bọ̀ ní jeudi, ìyẹn Ọjọ́bọ̀, láti fojú ara rẹ̀ rí i kó tó buwọ́ lù ú.

"Mẹ́tàdínlógún kẹ̀!" Madame ní. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í pariwo, ṣùgbọ́n tó bá wò ọ́, o máa rántí gbogbo iṣẹ́ àṣetiléwá tí o kò ṣe láti kékeré. "Ogójì ni wọ́n. Mo mọ̀ wọ́n lórúkọ. Mo mọ ẹni tí eyín ń dùn nínú wọn."

Directeur yíjú sí mi. Madame yíjú sí mi. Kódà àga tó wà níbẹ̀ yíjú sí mi.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé. Òjò oṣù kẹwàá ló gbé páànù kíláàsì náà lọ. Mi ò ní ó ṣí i o, mo ní ó gbé e lọ! Àwọn apẹja rí i tó ń fò kọjá lórí ọ̀sà, wọ́n sì ṣí fìlà fún un. Rẹ́jísítà tí orúkọ àwọn ọmọ wà nínú rẹ̀ mu omi títí ó fi wú bíi búrẹ́dì inú tíì. Ìjọ aláṣọ funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, níbi tí ọ̀pọ̀ àwọn òbí náà ti ń jọ́sìn, bá yá wa ní gbọ̀ngàn wọn kí àwọn ọmọ máa ríbi kẹ́kọ̀ọ́. Òfin kan péré ni wọ́n fún wa: bàtà kankan kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀. Olùkọ́ o, akẹ́kọ̀ọ́ o, bàtà á dúró síta.

Ìgbà tí fọ́ọ̀mù ìkànìyàn ilé-ìwé wá dé, tí kò sí rẹ́jísítà, Directeur pè mí. "Pascal, gbé e yíká àwọn òbí. Kí ilé kọ̀ọ̀kan kọ iye ọmọ tó ní ní CE1." Iṣẹ́ kékeré lójú rẹ̀. Kò mọ àwa èèyàn wa. Àwọn tó wá láti Nàìjíríà àti Benin yìí, o lè bi wọ́n ní ọjọ́ orí, o lè bi wọ́n ní ohun tí wọ́n jẹ lánàá, o lè bi wọ́n ní ìdí tí wọ́n fi bá àbúrò wọn jà. Má kàn bi wọ́n pé ọmọ wọn mélòó.

Ọ̀dọ̀ Mama Georgette ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Òun ni olórí àwọn ìyá nínú ìjọ náà, ẹnu géètì wa ló sì ti ń din àlòkò, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n tí gbogbo Abidjan ń jẹ.

"Mélòó?" ó ní, ó dá ṣíbí dúró nínú epo. "Pascal, ṣé ewúrẹ́ ni mò ń sìn ni? Ṣé o ti rí oníbàárà tó fẹ́ rà wọ́n?"

"Mama, ìjọba ló ń bèèrè."

"Sọ fún ìjọba pé wọ́n wà. Sọ pé a dúpẹ́."

"Kọ̀ǹpútà ò mọ 'a dúpẹ́', Mama. Nọ́ńbà ló ń jẹ."

"Kọ̀ǹpútà bímọ rí?"

Mo kọ "a dúpẹ́". Ilé kejì, a dúpẹ́. Ilé kẹta, wọ́n tilẹ̀ gbàdúrà fún mi kí n tó kúrò níbẹ̀. Ilé mẹ́tàlélógún ni mo kọ "a dúpẹ́" sí, lẹ́tà gàdàgbà, pẹ̀lú àmì lórí. Mo rò pé mo ṣe dáadáa. Àṣé òdo ni kọ̀ǹpútà ka gbogbo ọpẹ́ yẹn sí; ọmọ mẹ́tàdínlógún tí àwọn ilé yòókù kọ nọ́ńbà fún nìkan ló rí.

Kẹ́ ẹ sì má rò pé ọ̀rọ̀ náà ò kàn mí. Ọmọ mi Inès wà ní kíláàsì yẹn. Kó tó débẹ̀, olùkọ́ mẹ́ta ti gbìyànjú láti kọ́ ọ ní ìwé kíkà; ọ̀kan nínú wọn ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ń wa takisí báyìí. Madame gbà á ní oṣù kẹsàn-án. Kí Noël, ọdún Kérésì, tó dé, ọmọ náà ti ń ka gbogbo ohun tó bá ní lẹ́tà lára. Ó ń ka ara agolo wàrà. Ó ń ka ara gbaka, bọ́ọ̀sì akérò wa, tó ń sáré lọ. Ó ka mẹ́sẹ́ìjì inú fóònù mi fún ìyá rẹ̀, sókè ketekete, ní àárín oúnjẹ. Ọjọ́ yẹn ni mo kábàámọ̀ ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn nìkan náà ni.

"Madame," mo ní, "ẹ fọkàn balẹ̀. Mo ní èèyàn ní Yopougon. Ẹ fún mi ní gbaka mẹ́ta, kí n kó ọgọ́rùn-ún ọmọ dé láàárọ̀ jeudi. Ọmọ tó ti wẹ̀, tó ti yó, tó mọ ìlọ́po dé orí méjìlá."

"Rárá."

"Ó dáa. Àpò kan wà nínú àtíbàbà mi. Gbogbo lèkè tí àwọn ọmọ ti sọ nù láti ọdún méje ló wà nínú rẹ̀." Lèkè yìí ni bàtà rọ́bà aláwọ̀ oríṣiríṣi tí kò sí ọmọ Abidjan tí kì í wọ̀ ọ́. "Ẹ jẹ́ ká tò wọ́n sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Tí ìsípẹ́kítọ̀ bá rí òkè lèkè lásán, á sá."

"Tonton Pascal." Ó rọra pè mí. "Ogójì ni mo ní, ogójì náà ni yóò rí. Tí lèkè kan bá fi lè jáde nínú àpò yẹn ní jeudi, èmi fúnra mi ni mo máa fi yín sùn. Ohun tí ẹ bàjẹ́ nígbà tí ẹ ò parọ́ rèé. Ta ló fẹ́ mọ èyí tí ẹ máa bàjẹ́ tí ẹ bá parọ́?"

Ó ránṣẹ́ sí gbogbo ìyá pé kí ọmọ kankan má ṣe jókòó sílé ní jeudi. Ọmọ kan ṣoṣo tó bá dín, ó parí nìyẹn.

Ilẹ̀ jeudi mọ́. Àárọ̀ kùtù, Olúwatófúnmi, ọmọ Mama Georgette, dé bá mi lẹ́nu géètì, lèkè rẹ̀ méjèèjì lọ́wọ́. Okùn ọ̀kan ti já. Iṣẹ́ mi kejì nìyẹn: mo máa ń fi ọ̀bẹ gbígbóná lẹ lèkè fún àwọn ọmọ.

"Wọlé lọ láìwọ̀ ọ́," mo ní. "Ṣebí ẹ ò ní wọ bàtà níbẹ̀ náà. Kẹ́ ẹ tó jáde, á ti dà bíi tuntun."

Mo gbóná ọ̀bẹ, mo lẹ̀ ẹ́, mo gbé lèkè náà sórí ògiri ẹ̀yìn àtíbàbà kó lè tutù. Bí mo ṣe yí padà ni mo rí bàtà tó ń wọ géètì bọ̀.

Bàtà ìsípẹ́kítọ̀ nìyẹn. Ó dúdú, ó ń dán, ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, ó gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnu bàtà fi wọlé, tí mo kí i "bonjour", tí mo dúró díẹ̀, kí ẹni tó wọ̀ ọ́ tó dé. Monsieur Assémien ni wọ́n ń pè é. Ó gbé fọ́ọ̀mù mi lọ́wọ́. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé: "Ìlú wo ló ń jẹ́ 'a dúpẹ́' yìí? Ìgbà mẹ́tàlélógún ni mo rí i níbí."

"Kì í ṣe ìlú, Monsieur. Ohun tí àwa Yorùbá, tí ẹ ń pè ní Anago, ń sọ nìyẹn tí wọ́n bá bi wá ní iye ọmọ."

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo gbaka tí kò ní bíréèkì.

Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, Directeur ṣàlàyé ọ̀rọ̀ bàtà fún un. Ó kọ́kọ́ kọ̀. Ó wo ojú àwọn ìyá tó ti kún ojú fèrèsé, ó bọ́ ọ, ó gbé e sí ìdí ìlà lèkè àwọn ọmọ. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ kan yọrí láti inú ìbọ̀sẹ̀ tó ti lu, ó wò wá yíká bí àlejò. Àwọn ọmọ rí i. Madame wo àwọn ọmọ. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Loïc tó wà lẹ́yìn fi ìwé di ẹnu títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

Ìsípẹ́kítọ̀ na ìka. "Un, deux, trois…"

Ariwo ta ní fèrèsé. "Yéè! Ìka ló fi ń kà wọ́n!"

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín, ọmọ wa ti mọ̀ láti orí ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ pé tí wọ́n bá ń fi ìka ka èèyàn, kí òun má dúró síbẹ̀. Bí ìka ṣe dé ọ̀dọ̀ ọmọ kìíní, ó wọ abẹ́ àga. Ẹnì kejì yí sí ipò ẹnì kẹta. Ẹnì kẹta tẹ̀ ba mọ́lẹ̀. Ọkùnrin náà dà bí ẹni tó ń ka ẹja nínú omi. Ó bá mọ́kànlá. Ó tún un kà, ó bá mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ìgbà kẹta, ó bá mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún, torí pé Loïc nìkan ti dìde níbi mẹ́fà.

Mama Georgette wọlé pẹ̀lú ṣíbí àlòkò lọ́wọ́. "Monsieur, ìka yẹn, s'il vous plaît, ẹ dá a padà sápò."

Òógùn bo ìsípẹ́kítọ̀. "Madame, rẹ́jísítà ńkọ́?"

Madame gbé tuntun tó kọ fún un. Ọkùnrin náà ṣí i, ó fi ọwọ́ pa á. "Íǹkì rẹ̀ ò tíì gbẹ tán. Ẹ̀yìn lẹ́tà wa ni ẹ kọ èyí."

"Ogójì ni wọ́n, Monsieur."

"Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n tí mo bá dé ọ́fíìsì, ìwé ni wọ́n máa bi mí, wọn ò ní bi mí ní ohun tí ẹ sọ." Ó jókòó sórí àga ọmọdé níwájú, orúnkún rẹ̀ kan àgbọ̀n, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀wé. Ẹ̀gbẹ́ Inès ló jókòó sí, Ọlọ́run sì mọ̀ pé kò sẹ́ni tó lè gbé lẹ́tà kọjá níwájú ọmọ yẹn.

"À… fer… mer," Inès kà sókè. "À fermer! Madame, kí ni wọ́n fẹ́ tì?"

Mo gbọ́ bí epo Mama Georgette ṣe ń ta ní géètì.

Ìsípẹ́kítọ̀ gbójú sókè. "O lè ka ìwé ọwọ́ mi? Akọ̀wé mi gan-an kì í lè kà á. Ta ló kọ́ ọ?"

"Madame ni."

Ó wo Madame. Ó wo ìwé rẹ̀. "Ìyẹn dára," ó ní, "ó dára gan-an. Kò yí nọ́ńbà padà ṣá." Ṣùgbọ́n kálámù rẹ̀ ti dúró.

Mama Georgette gbé ọwọ́ sí ìdí. "Madame, ẹ bá mi sọ ọ́ ní Faransé tó dáa fún un. Iye ló ń wá, àbí? Ṣé dandan ni kó ka ọmọ? Bàtà kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ò lè ba bàtà, ibà ò lè mú bàtà. Kó jáde lọ ka bàtà."

Madame túmọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin náà fẹ́ bínú, ẹ̀rín gbà á lọ́wọ́ ìbínú. "Ẹ̀yin Anago, ẹ ó pa mí." Ó dìde, ó jáde.

Mo tẹ̀lé e, mo fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn kí Madame lè rí wọn láti ojú fèrèsé. Àpò mi wà níbẹ̀, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré. Ẹ̀yin èèyàn mi, àpò yẹn pè mí lórúkọ. Ó pè mí lórúkọ ìrìbọmi. Ó ń sọ pé, "Pascal, méjì mẹ́ta péré, ta ló máa mọ̀?" Mo di eyín pọ̀, mi ò dá a lóhùn.

Ìsípẹ́kítọ̀ ń rìn lọ ní ẹ̀gbẹ́ ìlà lèkè, ó ń ka bàtà méjì sí ẹyọ kan, bíi ọ̀gágun tó ń wo ọmọ ogun. Pupa, búlúù, òféfèé, èyí tí wọ́n ti lẹ̀ nígbà mẹ́rin. "Trente-sept. Trente-huit. Trente-neuf. Quarante."

Ogójì!

Ariwo tó ta lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ ojú omi méjì ló yà sí èbúté láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Mama Georgette fi ṣíbí jó. Èmi fò sókè, mo rí Yopougon lódìkejì ọ̀sà, mo rí ẹnì kan tí mo mọ̀ níbẹ̀, mo juwọ́ sí i kí n tó balẹ̀.

Ìsípẹ́kítọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wọ bàtà rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí èyí tó kẹ́yìn nínú ìlà. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ nílẹ̀, ìdí rẹ̀ lókè.

"Èyí tó kẹ́yìn yìí," ó ní, "tèmi ni. Mo ti ka ara mi mọ́ wọn." Ó dìde. "Trente-neuf. Ó dín ọ̀kan."

Ṣíbí Mama Georgette rọra wálẹ̀.

"Ogójì ni wọ́n, Monsieur," Madame ní; ó ti jáde wá bá wa.

"Madame, ẹ̀yin náà lẹ ní kí n ka bàtà."

Ìgbà náà ni iná tàn nínú orí mi. "Ó kù kan!" mo ké. "Lèkè kan kù! Ó wà lẹ́yìn àtíbàbà mi!" Mo ti sáré dé ibẹ̀ kí wọ́n tó mọ ohun tí mo sọ.

"Tonton Pascal, ẹ dúró síbẹ̀!" Madame ní.

"Pascal, jọ̀ọ́," Mama Georgette ní, "má fi tìrẹ kún un."

"Ta nìyí gan-an?" ìsípẹ́kítọ̀ béèrè.

Directeur fi ọwọ́ bojú. "Ẹni tó ń ṣọ́ géètì ni. Ó máa ń sọ̀rọ̀."

Mo padà pẹ̀lú lèkè náà lọ́wọ́. Ojú ìsípẹ́kítọ̀ kọjá lára mi, ó lọ bá àpò tó ya ẹnu sílẹ̀ nínú àtíbàbà, tí lèkè ń yọ orí níbẹ̀. Ojú gbogbo èèyàn tẹ̀lé e. Èmi tí mo ti sọ fún wọn pé ọ̀nì ọ̀sà kan máa ń bá mi ṣọ́ géètì ní òpin ọ̀sẹ̀. Èmi tí mo ti sọ fún wọn pé mo fi eyín fa gbaka gòkè yìí, tèrò tèrò. Ọdún mẹ́rìnlélógójì tí mo ti wà láyé, gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti sọ ló tò síwájú mi lọ́jọ́ náà, kò sí ọ̀kan tó jẹ́rìí mi.

"Ti Olúwatófúnmi ni," mo ní. "Okùn rẹ̀ já. Mo lẹ̀ ẹ́."

Ọ̀rọ̀ tó kúrú jù lọ tí mo sọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi nìyẹn. Bóyá ohun tó jẹ́ kí Madame wò mí pẹ́ nìyẹn. Mi ò rẹ́rìn-ín. Mi ò fi nǹkan kan kún un. Ó yíjú sí gbọ̀ngàn, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

"Ẹ jáde, ẹ̀yin ọmọ. Kí kálukú wọ lèkè rẹ̀."

Wọ́n tú jáde bí omi. Wọ́n ń ti ara wọn, wọ́n ń jà lé búlúù, Loïc wọ ti ẹlòmíràn ó sì bọ́ ọ padà. Ìlà lèkè ń tán lọ, ó ń tán lọ, títí kò fi sí nǹkan mọ́ nílẹ̀ àfi bàtà ṣóńṣó méjì. Ọmọ kan sì dúró lórí sìmẹ́ńtì tí oòrùn ti yan, ó ń gbé ẹsẹ̀ kan, ó ń sọ ọ̀kan kalẹ̀, ẹsẹ̀ lásán.

Kò sẹ́ni tó na ìka sí i. Olúwatófúnmi rìn wá bá mi fúnra rẹ̀.

"Tonton, ṣé ó ti tutù?"

"Ó ti tutù, màmá mi."

Ó wọ̀ ọ́. Ó fò lẹ́ẹ̀mejì láti dán an wò. Okùn náà dúró. Ìsípẹ́kítọ̀ wo ẹsẹ̀ ọmọ náà, ó wo ilẹ̀ tó ṣófo, ó di ìka rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ kejì kó má baà nà.

"Quarante," ó ní, jẹ́jẹ́.

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì Mama Georgette, ó gbé ìwé lé orúnkún. Kí ó tó gbé kálámù kúrò, Inès ti wà léjìká rẹ̀.

"À… main… te… nir." Ó mí. "Maîtresse… très… bien."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" Mama Georgette béèrè.

"Wọn ò tì í mọ́, Mama. Wọ́n ní Madame dáa."

Madame yí ẹ̀yìn sí wa, ó ní òun fẹ́ nu bọ́ọ̀dù. Síta la wà o, kò sí bọ́ọ̀dù kankan níbẹ̀. A jẹ́ kó nù ún.

Bí ìsípẹ́kítọ̀ ṣe fẹ́ wọ bàtà lọ, ó gbé ọ̀kan sókè fún mi. Abẹ́ rẹ̀ ti ya ẹnu bíi ẹja gbígbẹ. "Ìwọ," ó ní, "ṣé o lè bá mi lẹ èyí náà?"

"Monsieur, gígùn bàtà yìí, tí mo bá bẹ̀rẹ̀ lónìí, ọ̀la vendredi la máa dé ẹnu rẹ̀. Ẹ jókòó."

Mo yá a ní lèkè méjì nínú àpò mi: búlúù sí ọ̀tún, òféfèé sí òsì. Mama Georgette bu àlòkò fún un, ata rẹ̀ lọ́tọ̀. Ọkùnrin náà jókòó sínú àtíbàbà mi, ó ń jẹ, àtàǹpàkò rẹ̀ ń gba atẹ́gùn láàárín okùn lèkè. Ara rẹ̀ ti balẹ̀. Ẹnu mi sì bẹ̀rẹ̀ sí yún mi.

"Monsieur Assémien, ẹ̀yin náà ńkọ́? Ọmọ mélòó lẹ ní nílé?"

Mama Georgette gbé ṣíbí sókè, orí mi ló fẹ́ sọ ọ́ lé. Ìsípẹ́kítọ̀ dá ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúró lẹ́nu. Ó wo èmi. Ó wo ṣíbí. Ó gbé e mì.

"A dúpẹ́," ó ní.